Àmì Òkè Tí Mo Fi Sórí Igba

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Tíṣà ni mí. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Inísà. Àwọn tó mọ̀ mí á ti mọ̀ pé èmi ni kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì, kò burú. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń gbé e mì. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni mo fi tú ilé ọ̀rẹ́ mi ká, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ rẹ̀ ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ló ti wà ní kíláàsì mi. Bí mo bá wọlé, òun ló máa ń kọ́kọ́ dìde, "Ẹ káàárọ̀, sà." Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ìyàwó mi rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti mú mi lọ ṣàyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Ẹ jẹ́ ká máa pe ọ̀rẹ́ mi ní Rótìmí. Òkukù la ti jọ dàgbà, bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó lé nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ yẹn mọ ìṣirò, ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n bó bá ti kan àmì ohùn, òdo ló máa ń gbà. Èmi ni mo máa ń bá a fi àmì sí iṣẹ́ rẹ̀. Á ní, "Ọlọ́run ló fi àmì sí ìwọ létí." Láti ìgbà yẹn ló ti ń pè mí ní Tíṣà, kí n tó di tíṣà rárá.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń kọ fújì, tí àwọn mìíràn ń kọrin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, rọ́ọ̀kì ni Rótìmí gbà láyà. Inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí àbúrò bàbá rẹ̀ kó bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì ló ti gbọ́ ọ. Ó wá gìtá, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ, igbe tó ń tibẹ̀ jáde dà bíi ti ẹ̀rọ ìlagi. Màmá rẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Rótìmí, ṣé orin lò ń kọ ni, àbí wọ́n ń lù ọ́ nínú yàrá yẹn?" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín.

Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lọ ṣe àwo kan ní Òṣogbo. Àwo kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe láyé wọn nìyẹn. Orin méje ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀ ni IGBA. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sí lókè, kò sí nísàlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe tíṣà díẹ̀ níbí, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ kọ igba láìfi àmì sí i, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan, àfi bó bá jẹ́ re re, igba tí a fi ń ka owó. Bó bá jẹ́ dò dò, ìgbà ni, àkókò nìyẹn. Bó bá jẹ́ re mí, igbá ni, igbá tí a fi ń bu omi, igbá tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìyàwó. Bó bá jẹ́ re dò, igbà ni, okùn líle tí adẹ́mu ń fi yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká kó lè gùn ún. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ èyí tó kẹ́yìn yìí mọ́, mo máa ń ya àwòrán rẹ̀ fún wọn ni.

Mo sọ fún Rótìmí pé kó fi àmì sí i. Mo ní, "Èwo ni kí ẹni tó gbé e dání pè é?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa wá a kiri, Tíṣà. Ìwọ ṣáà ti mọ̀ ọ́n."

Lóòótọ́, mo mọ̀ ọ́n. Lójú mi ló ṣe kọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú yàrá rẹ̀ ní Òkukù, ó sọ fún mi pé bàbá ìyàwó òun, bàbá Bọ́lá, adẹ́mu ni wọ́n ní Eko Ende. Ogún ọdún ni wọ́n fi gun ọ̀pẹ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan igbà já, bàbá já lulẹ̀, eegun ẹ̀yìn fọ́. Bọ́lá ṣì kéré nígbà náà, òun ló ń fún wọn lóúnjẹ lórí ẹní. Nǹkan kan tí bàbá máa ń sọ ṣáá kó tó kú, Bọ́lá sọ ọ́ fún Rótìmí, Rótìmí sì sọ ọ́ di orin. Orin kẹrin inú àwo náà ni. Ó ní:

Igba tí mo fọkàn tán ló jù mí sílẹ̀.

"Gbẹ́kẹ̀ lé" ni Rótìmí kọ́kọ́ kọ. Èmi ni mo ní kó fi "fọkàn tán" sí i, pé ìyẹn ló dùn létí. Ó gbá mi mọ́ra. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ló gbé orin náà dúró.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwo jáde, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yá wọn ní ìlù. Wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ́lá, ẹni tó fún wa ní ọ̀rọ̀." Orúkọ tèmi ò sí níbì kankan. Mo jẹ ìrẹsì níbi ìfilọ́lẹ̀, mo jó, mo ṣàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má rò pé àwo náà gbajúmọ̀ dé Èkó o. Àdúgbò wa níbí ló ti lókìkí. Àwọn ọlọ́kadà ní Ìkìrun ń gbé e kiri lórí fóònù wọn, àwọn ọmọ Pólì tó bá wálé á tún un gbé lọ. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tó jáde ni ibà apọ́njú mú Rótìmí. Kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó fi kú. Bọ́lá ò sí nílé nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bímọ ní Ìbàdàn, ó lọ wẹ ọmọ fún un. Wọ́n ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, ibà lásán ni. Ìgbà tó fi máa dé, Rótìmí ò dá èèyàn mọ̀ mọ́. Tèmi, ọmọ wọn kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ikú yẹn ló sọ àwo náà di nǹkan mìíràn. Àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí Wasáàpù, a pe ara wa ní Ọmọ Igba. A ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹjọ́ tí a ń rò níbẹ̀, ẹ ò lè gbà á gbọ́. Sísí Dọ̀tun, nọ́ọ̀sì kan ní Inísà níbí, ní orin keje tí kò ní ìlù rárá ni ọkàn àwo náà. Kámọ́rù, ọlọ́kadà kan ní Ìkìrun, ní ẹni tí kò bá fẹ́ràn orin kejì kó lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Ẹnì kan ṣèèṣì sọ pé gìtá ti pọ̀ jù, pé ó bo ohùn Rótìmí mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi bú u. Ó ní òun tọrọ àforíjì, wọ́n ṣì ń bú u lọ.

Ṣùgbọ́n orin kẹrin ni olórí ìjà. Rótìmí kò pe Igba yẹn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló fi fà á, ó fà á títí gìtá fi gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kò sí bí etí ṣe lè mọ̀ bóyá dò ni ó ń lọ àbí mí. Dọ̀tun ní ìgbà ni, pé orílẹ̀-èdè yìí ni Rótìmí ń bá wí, ìgbà tí a fọkàn tán tó já wa kulẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan ní igbá ni, pé obìnrin ni. Èmi ń wò wọ́n níran. Adùn ńlá ni fún mi pé mo mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Mo fẹ́ dákẹ́ títí yóò fi rẹ gbogbo wọn, kí n wá sọ ọ́ lọ́jọ́ kan kí ẹnu yà wọ́n. Ìgbéraga ni. Mo mọ̀ báyìí pé ìgbéraga ni.

Nígbà tí ìrántí ọdún kan Rótìmí ń bọ̀, ẹgbẹ́ ní ká tẹ ọ̀rọ̀ orin méjèèje sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, ká pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni yóò fi àmì sí i? Gbogbo wọn ní Tíṣà ni. Ara mi wú. Mo ní lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, màá sọ èyí tí orin kẹrin jẹ́, àríyànjiyàn á sì parí.

Ọjọ́ Sátidé yẹn, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Kámọ́rù fi ohùn ránṣẹ́. Mo ṣì lè gbọ́ ọ títí dòní. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́láhì, mo ti rí i. Igbà ni! Igbà adẹ́mu! Bàbá mi àgbà gun ọ̀pẹ. Kí ló tún ń ju èèyàn sílẹ̀ tó ju igbà lọ? Tíṣà, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ọlọ́kadà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

Ẹ̀rín ló gba ibẹ̀ kan. Gbogbo wọn ń kan sáárá sí Kámọ́rù, wọ́n ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Kámọ́rù. Wọ́n ń pè mí pé Tíṣà dà, ṣé òótọ́ ni. Inú bí mi gidigidi. Ohun tí mo ti tọ́jú pamọ́ fún ọdún márùn-ún, ọlọ́kadà tí kò parí girama gbé e jù sí àárín ọjà. Bí mo bá ní òótọ́ ni, Kámọ́rù ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe èmi.

Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí pé: "Kámọ́rù, gun ọ̀kadà rẹ, fi ọ̀pẹ sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Igbá ni. Àmì òkè ló wà lórí rẹ̀. Igbá ìyàwó ni. Rótìmí fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nínú yàrá rẹ̀."

Mo pa irọ́ mọ́ òkú. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi pè é. Bí mo ṣe ń tẹ "igbá ìyàwó" yẹn, ọkàn mi wà lẹ́yìn àwo, níbi tí orúkọ Bọ́lá wà tí tèmi ò sí. Ó ṣe mí bíi pé mo ti gbẹ̀san kékeré kan tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Kámọ́rù wá kọ ọ́ pé, "Bí olóògbé bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí. Ẹ má bínú, Tíṣà."

Mo fi àmì òkè sí i, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé igbá ìyàwó ni. Wọ́n tẹ ìwé náà. Wọ́n pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkukù, Bọ́lá wà ní ìjókòó iwájú nínú aṣọ dúdú, Tèmi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mi ò ro ibi tí yóò já sí. Mo búra fún yín, mi ò rò ó. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwo ni, pé láàárín àwa tí a fẹ́ràn rọ́ọ̀kì ni yóò parí sí.

Ẹ̀gbọ́n Rótìmí, Bọ̀ọ̀dá Gbénga, ló ka ìwé náà fún Màmá wọn. Màmá ò mọ̀wé kà. Láti ìgbà tí ọmọ wọn ti kú ni wọ́n ti ń bi ara wọn pé irú ìyàwó wo ló ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kú lọ. Wọ́n kàn ń rò ó sínú ni, wọn ò sọ ọ́ síta. Ìwé mi ló fún wọn lẹ́nu. Wọ́n ní, "Áà, ọmọ mi ti rí i! Ó ti kọ ọ́ sínú àwo kó tó kú. Ó ní ìyàwó òun ló ju òun sílẹ̀!"

Ní ọjọ́ kẹta, mo wà ní yàrá àwọn tíṣà, mo ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Fóònù mi dún. Bọ̀ọ̀dá Gbénga ni. Wọ́n ní, "Tíṣà, mo ti fi ẹ́ sí sípíkà o. Màmá wà níbí, àwọn ẹbí wà níbí, Bọ́lá náà wà níbí. Bọ́lá ní irọ́ ni, pé igbà adẹ́mu ni, pé ọ̀rọ̀ bàbá òun ni. A ní ìwọ lo fi àmì sí i, ìwọ lo mọ Yorùbá. Àmì wo ló wà lórí rẹ̀?"

Kí n tó la ẹnu, mo gbọ́ ohùn Bọ́lá. Kò pariwo. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà mọ̀. Rótìmí sọ fún mi pé ẹ̀yin nìkan lòun sọ ọ́ fún."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ti orí Wasáàpù, inú ló bí mi. Ti ọjọ́ yìí, inú ò bí mi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń bi mí. Mo mọ ẹni tó ń bẹ̀ mí. Mo ro ti ìwé tí ọgọ́rùn-ún èèyàn ti gbé lọ sílé, mo ro ti Kámọ́rù, mo ro bí wọ́n á ṣe máa pè mí ní òpùrọ́ káàkiri Ìkìrun títí dé Òkukù. Mo ní, "Àmì òkè ni, sà."

Bọ̀ọ̀dá Gbénga ní, "Tún un sọ, kí Màmá gbọ́."

Mo ní, "Igbá ni, Màmá. Re mí."

Mo gbọ́ tí Bọ́lá mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ tí Màmá ní, "Ó tán." Fóònù kú. Mo mú báírò pupa mi, mo ń máàkì iṣẹ́ lọ.

Wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀. Maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ àti aṣọ ọrùn rẹ̀ ló kó, télọ̀ ni. Wọ́n ní Tèmi ò ní bá a lọ, pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ni, àwọn ò ní fi ọmọ ọmọ àwọn fún ẹni tó ju bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Bọ́lá padà sí Ìkìrun. Ó lọ bá àwọn àgbà, ó lọ bá pásítọ̀, ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń fi ìwé mi hàn án. Ìgbà tó yá, kò wá mọ́. Wọ́n sọ fún ọmọ pé ìyá rẹ̀ ò fẹ́ ẹ.

Ọdún mẹ́jọ. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń kọrin nínú akọrin. Ẹgbẹ́ Ọmọ Igba ṣì wà, wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà lórí orin kejì àti orin keje. Kò sẹ́ni tó jiyàn lórí orin kẹrin mọ́. Èmi ò lè gbọ́ àwo náà mọ́. Bí ọlọ́kadà bá tàn án, màá ní kó jọ̀ọ́ kó pa á, pé orí ń fọ́ mi.

Ní sáà yìí ni wọ́n mú Tèmi wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Òkukù sí Inísà ò jìnnà, bọ́ọ̀sì ló ń gbé e wá láàárọ̀. Imú Rótìmí ló wà lójú rẹ̀. Ohun kan tó fi yàtọ̀ sí bàbá rẹ̀ ni pé ọmọ náà mọ àmì ohùn fi sí ọ̀rọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ ní kíláàsì.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ. Tèmi kọ nípa màmá rẹ̀ àgbà. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń di irun fún un àti bí wọ́n ṣe máa ń fi ẹran tiwọn sínú àwo rẹ̀. Láàárín rẹ̀ ló kọ ọ́ pé: "Èmi ò ní ìyá. Ìyá mi ni igbá tí ó ju bàbá mi sílẹ̀. Tíṣà kan ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ìdílé wa."

Mo di báírò mú. Mo wá àṣìṣe kankan nínú gbólóhùn yẹn, kò sí. Gbogbo àmì ló pé. Mo fún un ní máàkì tó ga jù lọ ní kíláàsì, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Nígbà tí wọ́n gba ìwé wọn, ó wá bá mi nídìí tábìlì. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Sà, ṣé àmì òkè yẹn tọ̀nà? Mo ti rí igbà nínú ìwé wa, èyí tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Mo wá ń rò ó pé bóyá..." Kò parí rẹ̀. Ó ń wo ojú mi.

Mo ní, "Ó tọ̀nà." Ìgbà kẹta tí mo pa irọ́ náà nìyẹn. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì padà lọ jókòó. Mo jáde lọ sẹ́yìn kíláàsì, mo sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Bọ̀ọ̀dá Gbénga ní Òkukù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo jẹ́wọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ń fi ọwọ́ nu ojú. Wọ́n ní, "Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọkàn wọn ò dáa, dókítà ní wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ nǹkan tó le. Bí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n lé aláìṣẹ̀, pé wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lásán, ó máa pa wọ́n. Ṣé o tún fẹ́ pa Màmá?" Mo ní kí n sọ fún Tèmi nìkan ńkọ́? Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn, ta ló ní láyé bí kò ṣe Màmá? O fẹ́ kó wo Màmá lójú kó máa rí ẹni tó jí òun gbé? Kì í ṣe nítorí ọmọ lo fi fẹ́ sọ ọ́. Ìwọ lo fẹ́ sùn dáadáa." Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ.

Láti ibẹ̀ mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkìrun. Ní gáréèjì, Kámọ́rù ló gbé mi, ó yọ̀ mọ́ mi, "Tíṣà wa!" Nígbà tí a ń lọ, mo sọ fún un lẹ́yìn ọ̀kadà pé igbà ni, pé òun ló gbà á láti ọjọ́ yẹn. Ó rọra dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Kò wẹ̀yìn wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀." Mo sọ̀kalẹ̀. Ó lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù Bọ́lá.

Ó wà nídìí maṣíìnì rẹ̀. Ó ti rù, irun iwájú rẹ̀ ti ń funfun. Mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ẹ̀yìn àwo títí dé iwájú tábìlì mi. Kò sunkún. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Èmi mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń rò ó, kí ni mo ṣe fún Bọ̀ọ̀dá Tíṣà? Mo rò ó títí. Mo rò pé bóyá ọjọ́ kan wà tí ẹ wá sílé wa tí mi ò fún yín lóúnjẹ." Ó wá wo ojú mi. "Ṣé orúkọ yín tí kò sí lẹ́yìn àwo ni?"

Mo ní òun ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó ní òun ò tíì dé ibẹ̀, pé kí n má fi ìyẹn ni òun lára. Ó ní, "Ẹ lọ sọ fún ọmọ mi. Mi ò ní kó kórìíra Màmá, Màmá ló tọ́ ọ. Kó ṣáà mọ̀ pé mi ò ju bàbá rẹ̀ sílẹ̀, mi ò sì ju òun náà sílẹ̀. Ìyẹn nìkan." Mo sọ ohun tí Bọ̀ọ̀dá Gbénga sọ nípa ọkàn Màmá fún un. Ó ní, "Kí wọ́n máa bójú tó ọkàn Màmá. Tèmi ńkọ́?" Mi ò mọ̀ bóyá ọkàn tirẹ̀ ló ń sọ, àbí ọmọ rẹ̀ ló ń pè lórúkọ. Tíṣà Yorùbá ni mí, mi ò sì mọ̀.

Mo dìde pé kí n máa lọ. Ó ní kí n dúró. Ó gbé gááwùn ọmọdé kan tí kò tíì rán tán kúrò lórí maṣíìnì, aṣọ Kérésìmesì ni. Ó ní ọdọọdún lòun ń rán ọ̀kan, pé wọn ò gbà á lọ́wọ́ òun rí, àfojúdá lòun fi ń gé e, pé òun ò mọ bí ọmọ ti ga tó. Ó ní, "Ẹ̀yin ń rí i lójoojúmọ́. Ibo ló ga dé lára yín?" Mo na ọwọ́ mi sí àyà mi, níbi tí orí Tèmi máa ń dé bó bá dúró nídìí tábìlì. Bọ́lá mú téèpù rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì wọn ọ́n láti ilẹ̀ títí dé ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n mú un dúró, pé òun fẹ́ tún un wọ̀n.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá sọ ọ́, Màmá lè kú, ọmọ náà á sì mọ̀ pé èmi ni. Bí mo bá dákẹ́, yóò máa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lọ pé òun ò ní ìyá, èmi ni n ó sì máa máàkì rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, màá wọ kíláàsì yẹn, yóò dìde kí mi. Kí ni kí n sọ fún un?